Aago Omi Tí A Ṣe Lábẹ́ Ilé Tó Wó

Títí dòní, tí mo bá gba Fádèyí wọ Ṣómólú, òórùn yíǹkì àti gọ́ọ̀mù ló máa ń kọ́kọ́ kí mi kí ènìyàn tó kí mi. Òórùn náà ṣì dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n n kì í wọ ilé alájà kankan mọ́ láìkọ́kọ́ wo ògiri rẹ̀ yí ká. Ibẹ̀ ni èmi àti ìyá àgbà kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti máa ń to ojú ìwé jọ fún àwọn atẹ̀wé. Tábìlì gígùn kan ni à ń yí po, tí à ń ṣa ojú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá á sì máa rọra kọ orin ìjọ Onítẹ̀bọmi.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ìwé ọmọ iléèwé ni à ń tò. Àwòrán ìkòkò oníhò kan wà nínú rẹ̀, tí omi ń kán láti inú rẹ̀ sínú òmíràn. Mo kà á fún ìyá pé aago ayé àtijọ́ ni, pé bí omi bá ṣe ń kún ni wọ́n fi ń mọ àkókò, àti pé "olè omi" ni àwọn ará Gíríìkì ń pè é.

Ìyá dúró. "Olè kẹ̀? Kí ló jí?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, mà."

"Wọ́n purọ́ mọ́ ìkòkò. Tò ó jàre, kí ọ̀gá má lọ ní àwa la jí àkókò òun."

A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àjà òkè wó lé wa lórí.

Tábìlì yẹn ló gbà wá là. Abẹ́ rẹ̀ ni a há sí nínú òkùnkùn biribiri, eruku kún ọ̀fun wa. Ìyá wà lápá ẹsẹ̀ mi. N kò rí wọn, ohùn wọn nìkan ni mò ń gbọ́. Mo ń ké pé mo ti kú. Omi ń kán níbi tí wọ́n wà, láti inú táǹkì tó fọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń táràrà wá nǹkan kiri, lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í dún tó, tó, tó nínú òfìfo agolo gọ́ọ̀mù wa kan.

"Aago rẹ nìyí," ìyá wí. "Kó tó kún, wọ́n á ti gbẹ́ wa jáde. Má fi ariwo pa ara rẹ."

Mo dákẹ́, mo ń tẹ́tí sí i. Nígbà tó pẹ́, mo ní, "Mà, ṣé ó ti kún?"

"Kò tíì dé ìdajì."

Mo tún béèrè, mo tún béèrè. Ìyá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ojú ń kán ọ ju omi lọ! Mo ní kò tíì dé ìdajì."

Mo gbà wọ́n gbọ́, mo sì ń mí. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò gbé kọ́ńkéré kúrò lórí wa, tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, mo rí i pé agolo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Mo bi ìyá léèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí mo lọ kí wọn ní Abúlé Òkúta, níbi tí wọ́n na ẹsẹ̀ wọn tó fara pa, tí a fi aṣọ dì, sí. Wọ́n wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀.

"Bó bá ti fẹ́ kún ni mò ń rọra dà á sílẹ̀. Bí mo bá ní ó ti kún, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì dé, kí lo fẹ́ ṣe?"

Ìyá ti sùn nínú Olúwa báyìí. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, ẹ̀rù tèmi ni mo máa ń sọ. Nísinsìnyí tí èmi náà ń dàgbà, tiwọn ni mò ń rò. Èmi rí ẹni bi léèrè nínú òkùnkùn yẹn. Àwọn ò rí. Gbogbo ìgbà tí agolo yẹn kún tí wọ́n sì dà á nù, ìyá nìkan ló mọ bí a ti pẹ́ tó níbẹ̀.