Okùn Tó So Ọkọ̀ Mi Mọ́ Ti Ìyálé Mi

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ mi létí odò Etíkàn ni mo ti ń fura sí ìyálé mi. Bó bá ń bá ọkọ wa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, orúkọ mi ni mo máa ń rò pé mo gbọ́ nínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jọ ń wa ọkọ̀ ojú omi bọ̀ wálé, oníkálùkù nínú tirẹ̀. Igi tí a fi ń yan ẹja kún ọkọ̀ tirẹ̀ dé ẹnu. Agbọ̀n edé kan ṣoṣo ló wà nínú tèmi. Ó ku díẹ̀ ká gúnlẹ̀ ni àjẹ̀ rẹ̀ kán. Ó ju okùn sí mi.

"Fà mí mọ́ra," ó ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Omi dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí atẹ́gùn. Àmọ́ ọkọ̀ tèmi ló ń sáré lọ bá tirẹ̀! Tirẹ̀ kàn ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Kí n tó ṣíwọ́, wọ́n ti kọlu ara wọn, ìdajì edé mi sì ti dà sómi.

"Ẹ fà mí ni! Ẹ fẹ́ kí ọjà mi ṣòfò!" mo pariwo mọ́ ọn.

"Èmi? Mo kàn di okùn mú ni o."

Kópà, agùnbánirọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní físíìsì, tó yá yàrá kan nílé wa, dúró lórí pákó iwájú ilé, ó ń wò wá.

"Mà, òótọ́ ni Ìyá sọ," ó sọ fún mi. "Bí ẹ ṣe ń fà wọ́n náà ni okùn ń fà yín padà, agbára kan náà ni. Ọkọ̀ tiyín ló fúyẹ́, òun ló ṣe yára jù. Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ igi, kí ẹ tún fà á. Ẹ óò rí i pé àwọn ni wọ́n máa wá bá yín."

Ní ìdí ààrò ìyálé mi ni kópà yìí ti ń jẹun. Mo fura sí òun náà.

"Ó dáa," mo ní. "A óò pààrọ̀ ọkọ̀. Ìyá, ẹ so okùn mọ́ ọkọ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè."

Kò jiyàn. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ mi, ó so okùn, ó gbọ́wọ́ sókè. Èmi jókòó sórí igi. Mo fi àjẹ̀ tì í jìnnà, mo dúró kí ọkọ̀ méjèèjì dákẹ́, mo wá fà á. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò, mo tún ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mira. Síbẹ̀ ó ń bọ̀ wéré, ọkọ̀ igi tèmi kàn ń wọ́ lọ bá a díẹ̀.

Ojú tì mí.

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Ṣé kí n sọ ọwọ́ kalẹ̀ báyìí?"

A jọ kó igi náà sílẹ̀. N kò lè sọ pé mo fọkàn tán an pátápátá láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sọ fún ọkọ wa ohun tí mo ṣe. Mo dúró títí kó sọ ọ́, kò sọ ọ́.