Wọ́n Ní Ìyá Mi Ti Padà Wá

Kò tíì pé ogúnjọ́ tí a sin ìyá mi ní Oǹdó tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi bí obìnrin. Kí wọ́n tó wẹ ọmọ náà tán, gbogbo ilé ti ń sọ pé ìyá wa ló padà wá. Àbúrò ìyá mi obìnrin fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, ó ní, "Ẹ wo bó ṣe yọ síta. Òun náà ni." Wọ́n gbé e fún mi. Mo gbà á, mo dá a padà kíá, mo ní mi ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá mi lójú ọ̀nà Àkúrẹ́.

Kò sí ẹni tó mọ ìdí tí mi ò fi lè gbé ọmọ náà. Ní ọ̀sán Sátidé tí ìyá mi kú, ó ń retí mi ní Oǹdó, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì pè mí. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi ló wà níwájú mi ní Àkúrẹ́, mi ò tilẹ̀ tíì wẹ̀. Nígbà kẹta, mo ní, "Ẹ má pè mọ́, Màámi. Mo ti dé Ọ̀wẹnà lójú ọ̀nà." Ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó, ó ń wo ọ̀nà. Orí àga yẹn ni àbúrò rẹ̀ ti bá a nírọ̀lẹ́, ó ti kú.

Láti ìgbà náà, mi ò lè jókòó pẹ́. Mo máa ń gbá yàrá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Mo máa ń dìde jáde bí ìwàásù bá ń lọ lọ́wọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Àkúrẹ́, olùkọ́ ìṣirò kan wà, obìnrin àgbà tó wá láti Siri Láńkà, ẹlẹ́sìn Búdà. Òun ló bi mí léèrè ohun tó ń ṣe mí, mo sì sọ ọ́ fún un, bóyá nítorí pé kò mọ ẹnì kankan nínú ẹbí mi.

Kò sọ fún mi pé pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Kí ló wà lọ́kàn rẹ nígbà tó o sọ ọ́?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n yéé pè mí."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kú?"

"Rárá, Ma."

"Ohun tó wà lọ́kàn rẹ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Òun là ń pè ní kámà. O purọ́, o ò ní sùúrù, ìyẹn á so èso tirẹ̀. Ikú wọn kì í ṣe tìrẹ."

Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, kò sí adájọ́ kankan tó jókòó tó ń dá ẹjọ́. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ kò kàn lè wa iṣu níbẹ̀ ni. Mo bi í bóyá ìyá mi ni ọmọ náà lóòótọ́. Ó ní àwọn náà gbà pé ẹni tó kú ń tún ayé wá, àmọ́ kò sí ẹ̀mí kan tó ń ti inú ara kan bọ́ sínú òmíràn bí ẹni pààrọ̀ aṣọ. Ìwà tí èèyàn hù ló ń bí ìgbé ayé mìíràn, ó lè jẹ́ nílé àjèjì, ó sì lè jẹ́ ẹranko.

Inú bí mi. "Ẹranko kẹ̀, Ma? Ìyá mi tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Mi ò sọ pé ìyá rẹ. Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà. Ṣe oore kan, kó o sì fi ọkàn yọ̀ǹda èrè rẹ̀ fún wọn. Oúnjẹ là máa ń gbé fún àwọn mọ́ńkì lọ́dọ̀ wa, àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn."

Kò sí mọ́ńkì ní Oǹdó. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, mo gbé ìrẹsì àti ẹja lọ fún ìyá arúgbó kan ládùúgbò wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo ní, "Tiyín ni, Màámi." Ó rò pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ó ń ṣàdúrà fún mi. Mo bú sẹ́kún.

Àbúrò ìyá mi bá mi níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́ irọ́ náà fún un lẹ́nu ọ̀nà, mo sì sọ ohun tí olùkọ́ yẹn kọ́ mi. "Mo ní kí wọ́n wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn," ló wí. "Wọ́n ní ọmọ àwọn ti ń bọ̀." Ó yíjú kúrò. Nígbà tí wọ́n fún ọmọ ní orúkọ ìyá tó padà wá, kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó pè mí. Kò kí mi. Ó ní, "Ará Íńdíà rẹ yẹn, ṣé ó sọ pé àwọn tó ti lọ máa ń rántí wa?"

Mi ò sọ pé ará Siri Láńkà ni, mo ní mà á bá yín bi í. Àmọ́ olùkọ́ náà ti padà sí ìlú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Mi ò tíì lè sọ fún àbúrò ìyá mi. Ó máa ń pè lójoojúmọ́ láti béèrè èsì, èmi náà á sì dìde, mà á máa rìn yíká yàrá kí n tó gbé fóònù.