Jẹ́lì Tó Wà Lápá Ẹ̀wù Ọkọ Mi

Ó tutù, ó sì ń yọ̀. Mo ń kó aṣọ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ nílé wa ní Peckham, ní London, nígbà náà, ni ọwọ́ mi bá kan jẹ́lì lápá ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ mi. Mo gbóòórùn rẹ̀, kò rùn bí ìpara. Mo mọ jẹ́lì yẹn. Òun ni nọ́ọ̀sì fi pa ikùn ọmọ mi obìnrin lóṣù yẹn, nígbà tí mo bá a lọ ṣe síkáànù oyún ìwọ ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọkọ mi kò bá wa lọ. Aboyún wo lòun wá ń bá lọ?

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ ìkòkò ńlá níbi tí wọ́n ti ń se gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pákó. Tẹ́lẹ̀, á wọlé, á sọ fún mi pé gọ́ọ̀mù òní yára dì, tàbí pé ó lọ́ra. Ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti gba obìnrin ẹnjiníà kan síbẹ̀, ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ló kù lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà kó ọ̀rọ̀ jẹ́lì lọ bá ìyá ìbejì tó ń gbé òkè wa, bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ ni oògùn wà.

Ó ní, "Mummy, ọkùnrin tó ń ti síkáànù bọ̀, ẹ má rò pé ikùn tiẹ̀ ló lọ yẹ̀ wò o!"

Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ìwọ̀nba tèmi tó kù, ó gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé awò ojú rẹ̀ pamọ́. Bó ṣe jáde, mo wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, mo ní mo fẹ́ lọ gbé e fún un.

Níbi iṣẹ́ rẹ̀, mo bá àwọn méjèèjì nídìí ìkòkò náà, irin gàgàrà tó ga ju èèyàn lọ. Obìnrin yẹn ń fún jẹ́lì sára ìkòkò, ọkọ mi sì ń rọra tẹ ohun pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn. Ọmọ Yorùbá ni obìnrin náà, Kennington ní London níbí ni wọ́n bí i sí.

"Ẹ káàárọ̀ ma, Mummy. Daddy máa ń sọ̀rọ̀ yín gan-an."

"Ta ló lóyún níbí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ìkòkò là ń ṣe síkáànù fún, ma. It's just sound. Ohùn tí etí ò lè gbọ́ la ń rán wọ inú ẹ̀. Bó ṣe ń dì, bẹ́ẹ̀ ni ohùn yẹn ń yára sí i. Jẹ́lì yìí ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dí i lọ́nà."

Ó yé mi. Bí ògì bá ti fẹ́ di ẹ̀kọ lórí iná, ọwọ́ tó di orógùn mú máa ń mọ̀. Tiwọn ò ṣeé kiwọ́ bọ̀, bó bá sì dì jù, inú ìkòkò ló máa gan sí.

Mo na awò sí ọkọ mi. Kò wò mí.

"Rọra ná, ìyá ẹ̀, ó ti fẹ́ tó."

Ojú rẹ̀ wà lára ìlà kan tó ń gòkè lójú ẹ̀rọ. Ó ṣe díẹ̀, ó pariwo, "Ó tó!", ó sì rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín síta. N kò rí irú ẹ̀rín yẹn látìgbà tí a ti dé ìlú yìí.

Nígbà tó wọlé nírọ̀lẹ́, mo ní, "Ẹ ò wá wo ọmọ-ọmọ yín, inú gọ́ọ̀mù lẹ wá ń wò."

Ó ní, "Ṣé o pè mí ni?"

Ó ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ká ní obìnrin ni, ǹ bá bá a jà, ìjà náà ì bá sì ti tán. Ìkòkò ni mo wá ń jowú títí dòní. N kò rántí ọjọ́ kan tó gbọ́wọ́ lé mi bẹ́ẹ̀, kó dákẹ́, kó máa ṣọ́ ohun tó ń lọ nínú mi. Àbí ó ṣe é rí, tí n kò mọ̀, tó jẹ́ pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́?