Aṣọ Pupa Létí Àkùrọ̀

Ewéko kan wà tí kì í hù àfi nínú àbàtà, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán. Iṣẹ́ mi ni láti fi ibi tó ṣì lè hù sórí máàpù, láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà. Àkùrọ̀ kan dára ju gbogbo wọn lọ, mo bá so aṣọ pupa mọ́ igi níbẹ̀ kí n lè dá a mọ̀.

Ọmọ ìyá méjì ló ni ilẹ̀ náà, àwọn tí kò lè bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀! Ẹ̀gbọ́n rò pé àbúrò ló fi aṣọ náà pààlè síbẹ̀ láti gbà á. Kí n tó padà, ó ti tà á, típà sì ti da yẹ̀pẹ̀ bo gbogbo rẹ̀.

"Èmi ni mo so aṣọ yẹn, bàbá."

Ó mirí. "Ẹ má gbè é lẹ́yìn. Mo mọ ọwọ́ àbúrò mi."