Eku Tí Wọ́n Fà Ya

Ojú ewé mẹ́tàdínlógún ni. Mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú agolo ìdọ̀tí ilé ìdáná wa ní Chatham, àdúgbò kan ní Chicago, láàárín èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti páálí ẹyin. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló fi bíró búlúù kọ gbogbo rẹ̀. Omi tíì ti sọ apá kan di àbàwọ́n. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó fà á ya kò kà á tán.

Eku kan fara hàn lábẹ́ àga ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin 79th. Kì í ṣe eku lásán. Òun ni òòṣà olórí erin ti àwọn ará Íńdíà máa ń gùn. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ jà, ó sì sá wá sí Chicago. Òòṣà olórí erin ló ń ṣí ọ̀nà fún gbogbo ayé, àmọ́ kò lè rìn láìsí eku rẹ̀, nítorí náà gbogbo ọ̀nà dí: ọkọ̀ ojú irin ò gbéra, ilẹ̀kùn ilé ìwé ò ṣí. Ọmọbìnrin Chatham kan ló gbọ́dọ̀ gbé eku náà kọjá adágún Michigan kí oòrùn ọjọ́ kẹta tó wọ̀. Nínú adágún yẹn, àwọn òòṣà àti àwọn ànjọ̀nú ti lọ́ ejò ńlá kan mọ́ òkè, wọ́n ń fà á síwá-sẹ́yìn, kí omi àìkú lè jáde láti ìsàlẹ̀.

Èmi ni mo sọ ìtàn ejò àti òkè yẹn fún un. Kò sẹ́ni tó kọ́ èmi náà. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Òṣogbo, mo wo fíìmù Íńdíà kan tí ejò ti ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohunkóhun tọ́wọ́ mi bá tẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹfọ̀n ni ọba ikú ń gùn, pé ọ̀kín ni ti arákùnrin olórí erin, pé kìnnìún ni ti ìyá ológun tó ní apá púpọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́, mo wakọ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì wọn lẹ́yìn ìlú, mo bi bàbá tó ń ṣọ́ bàtà bóyá apá ọ̀tún ni ọwọ́ìjà erin yẹn ń tẹ̀ sí tàbí apá òsì. Ó wo aṣọ nọ́ọ̀sì lára mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ọmọ tèmi ò bi mí rí."

Ọjọ́ Sátidé ni ọmọ mi fẹ́ ka ìtàn náà ní ilé ìkàwé àdúgbò, níwájú àwọn ọmọ mìíràn. Ọmọ tó jẹ́ pé tí tíṣà bá pè é, ilẹ̀ ló máa ń wò ni. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ kọ orúkọ sílẹ̀. Èmi kọ́ ni mo tì í sí i.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń gbé ní Joliet, ìlú kan nítòsí Chicago. Ilé wọn la kọ́kọ́ dé sí nígbà tí a wọ Amẹ́ríkà, oṣù mẹ́jọ gbáko. Kọ́kọ́rọ́ ilé wa wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́rú, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá wọn ní ilé ìdáná, ọmọ mi dúró ti fìríìjì.

"Ìyàwó, ṣé ìbọ̀rìṣà lo ń kọ́ ọmọ yìí ni?"

"Ẹ káàsán mà. Rárá o. Ìtàn lásán ni mà."

"Ìtàn! Eku ń sọ̀rọ̀, erin ń wọ aṣọ! Mo ti bá ọ bá a wí. Mo ti fà á ya. Tó o bá rí i pé o ò lè tọ́ ọ, gbé e wá fún mi ní Joliet."

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé wa mọ ohun tó kàn. Tí àgbà bá bá ọ bá ọmọ wí, ìkúnlẹ̀ ni, ọpẹ́ ni. Kódà tí wọ́n bá ṣì í nà, o máa kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Tó o bá ní ẹ̀hónú, o máa lọ sọ ọ́ lẹ́yìn fún àgbà mìíràn. Ìyá mi dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò wa nígbà tí ẹ̀yìn mi ṣì ń ta. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí orí mi tó ronú.

"Ẹ ṣé mà. Ẹ ṣé tí ẹ bá mi bá a wí."

Wọ́n ní, "Ìyàwó tó gbọ́n nìyẹn." Wọ́n da tíì tó kù nínú ife wọn sórí àwọn ojú ewé náà nínú agolo ìdọ̀tí, wọ́n lọ.

Ọmọ mi ò wo ẹ̀yìn wọn. Èmi ló ń wò. "Mọ́mì, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn eku yẹn fún mi." Ó wọ yàrá lọ. Kò sunkún. Ó kàn ní òun ò ní lọ mọ́ ní Sátidé.

Nínú ìtàn ejò àti òkè yẹn, kì í ṣe omi àìkú ló kọ́kọ́ jáde. Májèlé ni. Òòṣà kan gbé e sẹ́nu kó má baà pa ayé run. Kò gbé e mì, kò tu ú, ọ̀fun rẹ̀ sì di búlúù títí dòní. Àìmọye ìgbà ni mo ti sọ ìtàn yẹn. N kò mọ bó ṣe ń jóni tó, àfi lọ́jọ́bọ̀ tí mo ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, tí "ẹ ṣé mà" yẹn há mi lọ́fun. Inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n, ó bí mi sí ìyá mi, ó bí mi sí orúnkún ara mi.

Ọkọ mi ní, "Fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n tèmi ni wọ́n. Ṣé ẹ̀gbọ́n eku náà ni?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé ọmọ mi sínú mọ́tò, ó di Joliet. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn, sílípáàsì búlúù wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́rú. Mo wá gba ọpẹ́ náà padà."

"O wá gba kí ni?"

"Ọpẹ́ mi mà. Ti oṣù mẹ́jọ ṣì wà lọ́dọ̀ yín, mi ò ní mú un láéláé. Ti ìwé ọmọ mi ni mo wá mú. Ohun tí ẹ ṣe yẹn ò dáa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọjú sí ọmọ mi. "Wá wo ìyá ẹ! Ó kúnlẹ̀, ó tún ń bú mi!"

"Mi ò bú yín mà. Mo kúnlẹ̀ torí pé ẹ̀gbọ́n ni yín. Mo sọ ọ́ torí pé ọmọ mi ń gbọ́."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Títí di òní, wọn ò gbé fóònù mi. Mi ò sì tíì bẹ̀ wọ́n.

A ti fẹ́ẹ̀ dé ilé kí ọmọ mi tó lanu. "Àwọn ewé yẹn, ṣé ẹ dà wọ́n nù?"

"Mo sá wọn gbẹ. Mo tún fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n."

Ní Sátidé, ó dúró níwájú àwọn ọmọ ní ilé ìkàwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Tó bá dé ibi tí kò ṣeé kà mọ́, á ní, "Ibí ti ya," á fò ó, á máa lọ. Nígbà tó dé ibi adágún, ó mú ànjọ̀nú tuntun kan wọlé, ìyá àgbà kan tó di ìrù ejò mú, tó wọ sílípáàsì búlúù. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín.

Nínú ìtàn tí mo sọ fún un, àwọn ànjọ̀nú kì í di ìrù mú. Orí ejò ni tiwọn. Ìrù ni ti àwọn òòṣà. Ó dá mi lójú. Mi ò tún un ṣe fún un.