Ibi tí Ọ̀rọ̀ Ń Gbé Nínú Orí Ọ̀gá Mi

Èmi ni mo sọ pé ọ̀gá mi ń díbọ́n. Ojú rẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Akowonjo, tí ìyàwó rẹ̀ jókòó síbẹ̀.

Télọ̀ ni ọ̀gá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ku díẹ̀ kí n gba fírídọ̀mù ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì dàwátì lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ omi, "ẹ̀... ẹ̀..." ni yóò máa ṣe títí òógùn á fi bò ó. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀gá ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ tú ọmọṣẹ́ sílẹ̀. Àfi kó sọ ọ́ pé, "Máa lọ, iṣẹ́ yóò gbè ọ́." Ẹni tí kò bá gba àdúrà yẹn, ẹ̀rù àtidá dúró á máa bà á. Mo wá ń dúró ṣá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń lọ ṣòkòtò lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn kọ́tìnì. Ọ̀gá mi ń kírun. Kéú tó há sórí láti kékeré ń jáde geerege, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Inú bí mi. Mo ká kọ́tìnì sókè.

"Ọ̀gá, ẹnu yín gba kéú, àdúrà tèmi ni kò gbà, àbí? Ẹ kàn fẹ́ kí n máa sìn yín lọ ni jàre!"

Ìyàwó rẹ̀ dìde. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé? Aláìsàn lò ń bú?"

"Màmá, àìsàn wo? Wọ́n ń díbọ́n ni."

Ọ̀gá mi la ẹnu. "Ẹ̀... ẹ̀..." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Nígbà tó yá, Màmá pè mí lórí fóònù pé kò sí ẹni tí yóò bá òun gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìgàndó. Ojú tì mí, mo lọ. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ irú wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó gbé bírò sókè, ó ní kí ọ̀gá mi dárúkọ ohun tí òun mú lọ́wọ́. Kò lè dárúkọ rẹ̀. Obìnrin náà wá dá orin ilé kéú kan sílẹ̀, ọ̀gá mi sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó kọ ọ́ dópin.

Mo ní, "Ẹ wò ó! Ṣé mo parọ́?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bùrọ̀dá, súnmọ́ ibí." Ó fi bírò kan ẹ̀bátí mi lápá òsì. "Ibí ni à ti ń to ọ̀rọ̀ kó tó dé ẹnu. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ò dé nínú orí bàbá. Ibi tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún múlé tì í, ló jẹ́ kí méjèèjì bàjẹ́ pọ̀. Orin àti kéú tó ti mọ́ni lẹ́nu máa ń rí ọ̀nà míì gbà." Ó gbé bírò lọ sẹ́yìn orí mi. "Ìpàkọ́ níbí lo fi ń ríran."

"Ìpàkọ́ kẹ̀? Ojú ńkọ́?"

"Ojú kàn ń gbé e wá ni. Ìpàkọ́ ló ń mọ̀ pé àga ni, pé èèyàn ni."

Subuanálàhi! Ìpàkọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rí fúnra rẹ̀ ló wá ń ríran! Mo fọwọ́ pa orí mi bíi pé orí àlejò ni. Orí tí mò ń gbé kiri nínú oòrùn Ẹ̀gbẹ́dá, tí mò ń dé fìlà lé, odindi ìlú ni, agboolé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀.

Ó tún gbé bírò sẹ́yìn etí òsì mi. "Ibí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń yéni. Ti bàbá ò bàjẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ló ń yé wọn."

Mi ò lè wo ojú ọ̀gá mi.

Nígbà tí a padà délé, ó fi ọwọ́ òsì pè mí. Ó gbé e lé mi lórí, ó sì ka kéú lé mi lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá ṣe àmín. Fírídọ̀mù mi nìyẹn.

Mo ti ní ẹ̀rọ tèmi báyìí ní Ìjẹ̀gùn. Mo máa ń lọ kí i, a sì jọ máa ń kọrin. Ṣùgbọ́n mo ṣì jẹ ẹ́ ní ìdọ̀bálẹ̀ kan, níwájú ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú "ẹ dárí jì mí". Mi ò tíì sọ ọ́.