Fìlà fún Orí Rájí

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan lẹ́yìn ilé ní àdúgbò Totsi, tó ń fi omi tútù wẹ ohun pẹlẹbẹ kan, tó ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún bí ẹni ń nu ọmọ tuntun, Rájí ni. Ẹ̀rọ tí ń wá irin nínú ilẹ̀ ló fi ń jẹun: òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn tó bá sọnù sínú iyanrìn ló ń bá àwọn èèyàn wá. Ohun pẹlẹbẹ tó wà ní ìdí ọ̀pá ẹ̀rọ náà, tó rí bí àwo tí wọ́n lu ihò sí láàárín, òun ló ń gbọ́ irin. Orí ni Rájí ń pè é. Iyọ̀ òkun kò gbọdọ̀ gbẹ sí i lára, òkúta kò gbọdọ̀ ha á, torí tí omi bá ráyè wọ inú rẹ̀, iṣẹ́ parí. Rájí fúnra rẹ̀ máa ń wẹ̀ nígbà tó bá rántí.

Ohun kan ṣoṣo tó tún ń dà á láàmú ni Adéjọkẹ́, aránṣọ ní àdúgbò Tokoin Wuiti. Ó fẹ́ fi í ṣe aya. Ó ti gbé ṣòkòtò lọ fún un títí kò fi sí èyí tó ya mọ́ nílé, síbẹ̀ tó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, "Ça va, àǹtí?", ìyẹn ṣé dáadáa ni lédè Faransé, nìkan ló ń jáde, á sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Grâce, oníbàárà Adéjọkẹ́, sọ òrùka rẹ̀ nù sórí ilẹ̀ tó ń kọ́lé sí ní Légbassito. Adéjọkẹ́ júwe Rájí fún un. Ike tó ń bo orí ẹ̀rọ náà ti gbó tán, òkúta Légbassito sì mú. Rájí bá gbé fóònù, ó pe Adéjọkẹ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán nǹkan tí màá fi bo orí mi."

"Fìlà ni, fòfó?" ni Adéjọkẹ́ bi í, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ládùúgbò wọn.

"Ó jọ fìlà. Ṣùgbọ́n orí mi pẹlẹbẹ o. Ó tó àwo ìjẹun, ó sì ní ihò láàárín."

"Ṣé dókítà ti rí i?"

"Dókítà kẹ̀? Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá tú u, màá wẹ̀ ẹ́, màá fi kọ́ ara ògiri."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, fòfó," ni Adéjọkẹ́ rọra wí.

Ẹ má bi mí bí obìnrin tó gbọ́n tó báyìí ṣe gba èyí gbọ́.

Adéjọkẹ́ fúnra rẹ̀ gbé fìlà náà wá sí Légbassito. Ó fẹ̀, ó pẹlẹbẹ, ihò wà láàárín, okùn àgbọ̀n wà lábẹ́, ó sì fi òwú wúrà dárà sí etí rẹ̀ yípo. Ó wo orí Rájí, ó rí i pé ó pé pérépéré, kò sí ihò kankan níbẹ̀. Rájí fi orí ẹ̀rọ hàn án.

"Áà," ni Adéjọkẹ́ wí, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. "Ẹ fi bò ó náà."

Rájí mọ̀ pé irin wà nínú òwú wúrà. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin yẹn kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Ó fi fìlà bo ẹ̀rọ, ẹ̀rọ figbe ta. Ó gbé e síbí, ó ké. Ó gbé e sọ́hùn-ún, ó ké. Grâce ń fi ọkọ́ tẹ̀ lé e, ó ń gbẹ́, títí ilẹ̀ ilé fi di oko tí wọ́n fẹ́ gbin iṣu sí.

"Monsieur," ni Grâce wí nígbẹ̀yìn, "ṣé òrùka ló kún gbogbo ilẹ̀ mi ni?"

"Òwú fìlà yìí ló ń pariwo," ni Rájí jẹ́wọ́.

"Ẹ mọ̀ látàárọ̀?" ni Adéjọkẹ́ bi í. "Kí ló dé tí ẹ ò ṣí i kúrò?"

"Ọwọ́ yín lẹ fi rán an. Mi ò lè jù ú sílẹ̀."

Ó bọ́ fìlà náà kúrò. Ilẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, kò sí ibi tó lè gbé e sí, ló bá dé e, ó so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Ó ń fi orí ẹ̀rọ ní ìhòòhò gbá òkúta pupa, gbogbo ibi tó ti ń ha ń dùn ún dé eegun. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ bíríkì, ẹ̀rọ ké lẹ́ẹ̀kan. Grâce bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú òrùka rẹ̀.

Rájí fẹ́ bọ́ fìlà náà kó dá a padà. Adéjọkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo irun tó yọ láti inú ihò.

"Fi sílẹ̀," ló wí. "Orí rẹ ni mo rán an fún."

Rájí gbọ́ ọ dáadáa. Kì í ṣe "orí yín" mọ́. Ó la ẹnu láti sọ ohun tó ti ń gbé kiri láti ìgbà ṣòkòtò àkọ́kọ́.

"Ça va?" ló jáde.

"Ça va," ni Adéjọkẹ́ dáhùn, ó sì tún okùn fìlà náà so lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kó le dáadáa.